Cigar fún ọjọ́ ìbí bàbá ìyàwó, pẹ̀lú pọ́n-ùn 600

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Birmingham ni mo ń gbé. Bàbá ìyàwó mi yóò pé ẹni 70 ọdún ní oṣù Kejìlá, Ìbàdàn la ó ti ṣe é. Bàbá fẹ́ràn cigar. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n máa ń mu ún ní fàráńdà, ó sì máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn tó máa dùn mọ́ wọn, mo sì fẹ́ kí bí ogún nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa rí ọ̀kọ̀ọ̀kan mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi fúnra mi máa ń mu ẹyọ kan lóṣù. Pọ́n-ùn 600 ni gbogbo owó tí mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí kì í bá ṣe Cohiba, cigar Kúbà olówó ńlá, ojú á tì mí níwájú àwọn àna. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé kí o tó náwó. Ó ti di ọdún 19 tí mo ti ń ta cigar ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà tí wọ́n bá ti ra èyí tí kò yẹ tán ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń rántí béèrè. Ohun tó wúlò jù nínú lẹ́tà rẹ ni ogójì ìṣẹ́jú tí o dárúkọ yẹn. O lè rò pé àlàyé lásán ni, ṣùgbọ́n òun ni ìdajì ìdáhùn. Ìjókòó là ń rà nígbà tí a bá ń ra cigar. Bí èèyàn bá ra èyí tó ń gba wákàtí kan ààbọ̀ fún bàbá, tí bàbá sì máa ń dìde lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, inú àwo eérú ló kó ìdajì owó rẹ̀ dà sí.

Kí n tó dárúkọ ọjà kankan, pe ìyàwó rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o bi í bóyá dókítà ti sọ nǹkan fún bàbá wọn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn tàbí ọ̀fun. Èmi tó ń tà á ni mò ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé a kì í fa èéfín cigar sínú ẹ̀dọ̀fóró bíi ti sìgá, síbẹ̀ ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ewé tábà tó sì wà nínú cigar ńlá kan ṣoṣo lè tó ti odindi páálí sìgá kan. Bí dókítà bá ti ní kí bàbá jáwọ́, fi owó yìí ra aṣọ òkè fún wọn. Bí kò bá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí bàbá sì ń mu tiwọn jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ká máa bọ́ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn cigar. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn gígùn rẹ̀. Ní ti sísanra, wọ́n pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 64. Bí wọ́n bá wá kọ 42, ìbú rẹ̀ jẹ́ 42 nínú 64 yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní robusto gùn tó íǹṣì 5, ó sanra dé 50, ó sì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan. Churchill, tí wọ́n fi orúkọ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ogun pè, gùn tó íǹṣì 7, ìjókòó wákàtí kan ààbọ̀ ni, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Petit corona gùn ju íǹṣì 5 lọ díẹ̀, sísanra rẹ̀ jẹ́ 42, ẹni tí kò kánjú á mu ún tán ní ogójì ìṣẹ́jú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: petit corona ni ti bàbá, yálà Kúbà ni ó ti wá ni o, yálà ibòmíràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Cohiba. Cohiba dára, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́. Ọdún 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kúbà fún Fidel Castro àti àwọn àlejò ìjọba, ó sì di 1982 kí wọ́n tó máa tà á fún gbogbo ayé. Méjì nínú àwọn ewé inú rẹ̀ ni wọ́n tún máa ń bò lẹ́ẹ̀kẹta nínú àgbá onígi, bí ìgbà tí èèyàn ń bo irú, kí líle rẹ̀ lè rọ̀ kí òórùn rẹ̀ sì yọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n láti 2022 ni owó rẹ̀ ti fò sókè káàkiri ayé. Lónìí, owó Cohiba Robusto ẹyọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù á ra Montecristo No. 4 tó ju mẹ́ta lọ, Kúbà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti wá. Bí o bá tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ, orí bàbá nìkan ni pọ́n-ùn 600 náà máa tán sí, àwọn ọ̀rẹ́ yín ogún á sì máa wo bàbá lẹ́nu.

Ohun kejì ni pé Cohiba wà lára àwọn tí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn jù láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Oníbàárà mi kan gbé àpótí kan wá tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ìdérí àpótí náà jẹ́ dígí, gbogbo òrùka ìwé ara àwọn cigar náà ń dán yinrin. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ kí n tó ṣí i, nítorí wọn kì í ṣe Cohiba sínú àpótí onídígí ní Kúbà. Ó ní kí n fi abẹ la ọ̀kan lójú òun. Ewé wẹ́wẹ́ ló dà jáde sórí káńtà, bí ìdọ̀tí tí èèyàn gbá jọ nílẹ̀ ilé iṣẹ́, igi ewé wà nínú rẹ̀, iyanrìn sì wà níbẹ̀. Nínú cigar gidi tí a fi ọwọ́ ká, odindi ewé ló yẹ kó o bá, tí wọ́n ká pọ̀ láti ìdí dé orí. Torí náà, má ra ti Kúbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri létí òkun tàbí lórí fóònù, ní Lagos tàbí ní Havana pàápàá, bó ti wù kó búra pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà. Yí ìdí àpótí sókè: ó yẹ kí o rí Hecho en Cuba (Kúbà ni wọ́n ti ṣe é) àti Totalmente a mano (ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é pátápátá) tí wọ́n fi iná tẹ̀ sára igi náà, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí wọ́n dì í. Òǹtẹ̀ ìjọba Kúbà aláwọ̀ ewé yẹ kó wà lára rẹ̀.

Montecristo No. 4 ni mo máa fi ṣe ẹ̀bùn bàbá. Láti 1935 ni Montecristo ti wà, No. 4 yìí sì wà lára àwọn cigar Kúbà tí wọ́n ń tà jù lọ láyé, petit corona gan-an ni. Kò le jù, kò rọ̀ jù. O lè rà á ní mẹ́wàá nínú àpótí, o sì lè rà á ní márùn-ún nínú páálí. Ya pọ́n-ùn 250 sọ́tọ̀ fún un. Bí àpótí ẹlẹ́yọ mẹ́wàá bá ju owó yẹn lọ lọ́jọ́ tí o lọ, mú páálí ẹlẹ́yọ márùn-ún, kí o fi ìyókù ra abẹ ìgé tó mú dáadáa fún bàbá. Àgbàlagbà tó ń fi eyín gé orí cigar á rántí ẹni tó fún un ní abẹ.

Síbẹ̀, má sanwó ná. Bàbá ti ní ohun tí ẹnu wọn mọ̀. Ní kí àbúrò ìyàwó rẹ tó wà nílé lọ wo àwo eérú tó wà ní fàráńdà láàárọ̀, kí ó ya fọ́tò òrùka ìwé tí bàbá bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Partagás tàbí Bolívar ni bàbá ń mu, ẹni tó fẹ́ líle ni wọ́n, Montecristo lè ṣe wọ́n bí omi. Bí ó bá jẹ́ Hoyo de Monterrey, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ Romeo y Julieta, wo ohun tí wọ́n kọ sára ìwé náà dáadáa, nítorí orúkọ yìí ń jẹ́ ọjà méjì. Ní 1960 ni ìjọba Castro gba àwọn ilé iṣẹ́ cigar, àwọn tó ni wọ́n sì sá lọ sí òkè òkun, wọ́n gbé orúkọ lọ. Láti ìgbà náà ni Romeo y Julieta, Montecristo, Partagás àti H. Upmann kan ti wà ní Kúbà, tí òmíràn sì ń ti Dominican Republic wá fún ọjà Amẹ́ríkà. Orúkọ kan náà, ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti rí ọmọ tó fi gbogbo ọkàn ra ẹ̀bùn fún bàbá rẹ̀, tí bàbá mu ún lẹ́ẹ̀mejì tó sì gbé e sílẹ̀, torí pé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ọmọ rà.

Bóyá o ní ẹbí ní Houston tàbí Atlanta tó ń bọ̀ wá síbi ayẹyẹ náà. Má fún wọn ní ti Kúbà mú padà sílé. Láti oṣù Kẹsàn-án 2020, òfin Amẹ́ríkà kò gba arìnrìn-àjò láyè mọ́ láti gbé cigar Kúbà wọlé, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ ogún, má ra ti Kúbà rárá. Mo mọ àwọn alẹ́ ọjọ́ ìbí wa dáadáa. Mẹ́wàá nínú wọn kò tíì mu cigar rí. Márùn-ún á fà á bíi sìgá, wọ́n á wúkọ́, òòyì á kọ́ wọn. Àwọn kan á mu díẹ̀, orin á yí padà, wọ́n á gbé e sílẹ̀ lọ jó. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ohun olówó ńlá, kò sì yẹ fún ohun líle. Ohun tí o máa béèrè ni cigar kékeré tí a fi ọwọ́ ká, láti Nicaragua, Honduras tàbí Dominican Republic, tí ewé ìta rẹ̀ jẹ́ Connecticut, ewé tó rí pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kì í le lẹ́nu. Ní kí wọ́n fún ọ ní èyí tí wọ́n dì ní ìdì, tí wọn kò fi sínú àpótí. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Estelí ní Nicaragua àti Danlí ní Honduras ló ń ká ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọwọ́ kan náà tó ń ká ti olórúkọ, àpótí onígi àti bébà aláràbarà ni o kò san owó rẹ̀. Pọ́n-ùn 220 tó fún ogún.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé dúdú ewé ìta ló ń fi bó ṣe le tó hàn. Inú ni líle wà. Ewé tó wà lókè pátápátá lórí igi tábà, tó ń gba oòrùn jù, ni wọ́n ń pè ní ligero, òun ló lágbára. Ti àárín ni seco, òun ló ní òórùn. Ti ìsàlẹ̀ ni volado, òun ló ń jẹ́ kí iná jó geere. Cigar dúdú kirikiri lè dùn bí ṣúgà lẹ́nu, kí èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì gbé ọ ṣubú.

Ewé dúdú kan tiẹ̀ wà tí n kò lè kọjá lórí rẹ̀ láìsọ ọ́, torí ó kàn wá. Mata Fina ni wọ́n ń pè é, Bahia ní Brazil ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní agbègbè Recôncavo, ní àyíká Cruz das Almas, Cachoeira àti São Félix. Ní São Félix yìí ni ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Dannemann ti dá ilé iṣẹ́ cigar sílẹ̀ ní 1873. Kó tó dìgbà yẹn rárá ni ewé Bahia ti mọ etíkun wa. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, èyí tó dára jù ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, wọ́n á pa oje ìrèké sí i lára, wọ́n á sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Èèyàn ni wọ́n ń fi í pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn náà jẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin tábà náà gan-an. Lọ́wọ́ kejì, ní Kúbà, àwọn ọmọ Lukumí, àtìrandíran Yorùbá níbẹ̀, ṣì ń fi cigar síwájú Ẹlẹ́gbára, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì títí dòní, wọ́n sì ń fẹ́ èéfín rẹ̀ sí wọn. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí ìdì Mata Fina, tí òórùn rẹ̀ bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí bá gba imú mi, ọkàn mi máa ń lọ síbẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, ra méjì nínú irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn náà, kí o sì sọ ibi tó ti wá fún wọn nígbà tí ẹ bá jókòó.

Pọ́n-ùn 40 ni kí o ná sórí ìtọ́jú, má sì jẹ́ kí ó dùn ọ́. Cigar dà bí obì: bí ó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́, bí ó bá tutù jù, á hùkàsì. Ọ̀rinrin ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́. Ra abọ́ oníke tí ìdérí rẹ̀ ń dé pinpin, fi àpò kékeré méjì tó ń mú ọ̀rinrin dúró, tí wọ́n kọ 65 sí lára, sínú rẹ̀, kó gbogbo cigar sí i. Gbé e dání wọ bàálù, má fi sínú àpótí tó ń lọ sí abẹ́, má sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́fíńdà. Òórùn tó bá wà nítòsí ló máa ń gbà sára.

Ooru Nàìjíríà ní ewu tirẹ̀. Ní 2009, mo gbé àpótí cigar 25 lọ sí Ìbàdàn fún ayẹyẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo gbé e sórí fíríìjì nínú kíṣìnnì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ihò róbótó bí ojú abẹ́rẹ́ ló wà lára wọn, àtíkè pupa rẹ́súrẹ́sú sì dà sí ìdí àpótí. Kòkòrò tábà ni. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú ewé láti oko, bí ooru bá ti kọjá 25 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń pa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀nà jáde. Cigar 17 ló run. Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Birmingham, di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, fi í sínú fírísà ọjọ́ mẹ́ta, mú un bọ́ sí fíríìjì fún ọjọ́ kan, kí o tó gbé e jáde. Nígbà tí o bá dé Ìbàdàn, yàrá tó tutù jù nínú ilé ni kí o gbé abọ́ náà sí, jìnnà sí fèrèsé.

Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Bí o bá tẹ́ cigar sórí tábìlì láti ọ̀sán, ewé ìta rẹ̀ á là kó tó di alẹ́. Kó wọn jáde nígbà tí àwọn èèyàn bá ti jókòó. Mú ọ̀kan, fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ. Bí ó bá rọ̀ tó sì padà bọ̀ sípò láìdún, ó dára. Bí ó bá ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó ti gbẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ba cigar rere jẹ́ níbi gígé. Fìlà kékeré kan wà ní orí rẹ̀, ìlà tí fìlà náà fi parí sì hàn sí ojú bí o bá yí i síwájú iná. Òkè ìlà yẹn ni kí o gé. Bí o bá gé kọjá rẹ̀, ewé ìta á máa tú kúrò lára rẹ̀ bí gèlè tí kò gún. Ìṣáná gígùn tàbí láítà onígáàsì ni kí o lò, má lo èyí tó ń lo epo, òórùn epo náà kò ní kúrò lẹ́nu. Ra ìṣáná náà ní Ìbàdàn, má gbé e wọ bàálù. Má fi iná náà kàn án, jẹ́ kí ooru rẹ̀ kọ́kọ́ yá ìdí cigar náà títí tí yóò fi pọ́n yíká, kí o tó fà á. Fífà kan ní ìṣẹ́jú kan tó. Bí ẹni kan bá mu ún tó sú u, kí ó kàn gbé e sórí àwo eérú, á kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá rún un mọ́lẹ̀, gbogbo àyíká á máa rùn.

Kí ó má ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Òfin ìṣàkóso tábà ti 2015 ní Nàìjíríà kò fẹ́ èéfín níbi tí gbogbo èèyàn ń lò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣòfin bẹ́ẹ̀ láti oṣù Keje 2007. To àga sí abẹ́ igi ní ìta, kó jìnnà sí àwọn ọmọdé, àwọn aboyún àti ìyá arúgbó tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù.

Ìyókù owó rẹ jẹ́ pọ́n-ùn 90. Tìrẹ nìyẹn. Ẹni tó ń mu ẹyọ kan lóṣù kò nílò àpótí. Ra ẹyọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Jalapa àti Estelí ní Nicaragua, Dominican, Honduras, ọ̀kan tí ewé ìta rẹ̀ ti Kamẹrúùnù wá, àti Mata Fina kan. Tọ́jú òrùka ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kọ bóyá o mu ún tán tàbí o gbé e sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá fi pé, o ò ní nílò èmi mọ́ láti yàn fún ara rẹ.

Ti bàbá nìkan ló kù. Nígbà tí fọ́tò òrùka ìwé yẹn bá dé láti Ìbàdàn, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó.